Heen Menike Tí Kì Í Sọ Pé Ó Rẹ Òun

Kò sẹ́ni tí kò mọ ìtàn ọjọ́ tí Heen Menike dá odindi èrò padà láti àárín òkè Sirí Páda nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Tikiri Banda, ọ̀gá ilé ìfìwéránṣẹ́, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ọmọ Heen Menike nígbà náà, ló nu òógùn ojú tó ní, "Màmá, ṣé ó ṣì jìnnà?"

Gbogbo èrò dúró gbagidi. Èèwọ̀ ni! Ẹni tó bá ń lọ kí ojú ẹsẹ̀ Búdà tó wà lára òkúta lókè yẹn kò gbọdọ̀ sọ pé ọ̀nà jìn, kò sì gbọdọ̀ sọ pé ó rẹ òun. Òkè á gbọ́, á tún ga sí i.

"Ó ti gbọ́ ẹ," ni Heen Menike wí. "Ó yá, gbogbo wa, ó di ìsàlẹ̀. A ó tún un bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ ṣàánú, Màmá! A ti rin ìdajì!"

"Ta ló sọ fún ẹ pé ìdajì ni? Àbí ìwọ lo mọ òkè náà?"

Wọ́n sọ̀ kalẹ̀ dé ìdí oní-tíì. Heen Menike mu tíì rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó nu ẹnu, ó ní ó yá. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá bi Tikiri Banda pé báwo ni ilé rẹ̀ ṣe jìnnà sí ọjà tó, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn.

Heen Menike ló ń kó ará abúlé lọ síbẹ̀ lọ́dọọdún, tàwọn ti aṣọ funfun lára. Kò sí ẹja, kò sí ẹran nínú ẹrù ẹnikẹ́ni. Lọ́dún kan, Piyadasa tó ń wakọ̀ wọn fi ẹja gbígbẹ pamọ́ sábẹ́ àga. Heen Menike fa imú, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọ ọ́, ó sọ ọ́ gba ojú fèrèsé síta. Nígbà tí wọ́n rìn díẹ̀, ó mí kanlẹ̀: "Ẹja ọ̀hún mà dáa o, Piyadasa. Ká ní o ní sùúrù ni, à bá jẹ ẹ́ nígbà tá a bá ń bọ̀."

Nígbà tó yá, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í da Heen Menike láàmú. Imesha, ọmọbìnrin Tikiri Banda, ló ń rìn lẹ́yìn ìyá ìyá rẹ̀ lọ́dún tí ìyá àgbà gun òkè náà kẹ́yìn. Ó ń gbọ́ bí orúnkún náà ṣe ń dún bí ilẹ̀kùn ògbólógbòó ilé. Heen Menike dúró. "Ẹ wo òkúta yìí, ó mà dáa o." Òkúta bíi tàwọn yòókù ni. Ó tún rìn díẹ̀, ó dúró. "Ẹ wo àwọsánmà." Kò sí àwọsánmà kankan.

Imesha mọ ohun tó wà níbẹ̀. Ó ti ń wu ìyá àgbà láti tún forí kanlẹ̀ níwájú ojú ẹsẹ̀ yẹn kó tó kú. Ṣùgbọ́n bó bá fi lè jẹ́wọ́ pé ó rẹ òun, òfin tó fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe ni yóò dá a padà. Bí ẹlòmíì bá sì sọ ọ́, ìtìjú ni. Ni ọmọ náà bá jókòó pì sílẹ̀.

"Yéè! Bàtà mi ti já!"

Ìyá àgbà wo bàtà náà. "Ibo ló já sí?"

"Ó fẹ́ já ni, Màmá Àgbà."

"Hẹn-ẹ́n. Ẹ jẹ́ ká jókòó dè é kó já."

Wọ́n dìde, wọ́n tún rìn. Iyanrìn kó sí Piyadasa lójú. Wọ́n jókòó. Wọ́n tún rìn. Tikiri Banda wá pariwo pé òun ò rí awò ojú òun mọ́, bẹ́ẹ̀ ó wà ní imú rẹ̀. Gbogbo èrò bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ilẹ̀. Heen Menike náà na ẹsẹ̀ gbọọrọ, ó ń tú koríko tó wà nítòsí rẹ̀: "Ẹ wá a dáadáa o. Ẹ má kánjú rárá."

Oòrùn ń wọ̀ nígbà tí wọ́n dé òkè. Ó kúnlẹ̀, ó forí balẹ̀, ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó dìde, ó wò wọ́n yíká. "Ọmọ ayé ìsinsìnyí! Bàtà, iyanrìn, awò. Ká ní èmi nìkan ni mo wá, ǹ bá ti dé látàárọ̀!" Ṣùgbọ́n èjìká Tikiri Banda tó dì mú, kò fi sílẹ̀ títí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀.

Òjò ọdún náà ò tíì dá tó fi dágbére fáyé lójú oorun, kò da ẹnikẹ́ni láàmú.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn èèyàn rẹ̀ tún gun òkè. Agogo kan wà lókè níbẹ̀. Iye ìgbà téèyàn bá ti gun òkè náà ni yóò lu agogo ọ̀hún. Imesha lu tirẹ̀, kò pọ̀, ó yẹ kó fi okùn agogo sílẹ̀. Kò fi sílẹ̀. Ó ń lù ú lọ ni. Àwọn tó tò sẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í kùn.

"Ọmọge, ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ gan-an?" ni ọkùnrin kan wí. "Ṣé inú oyún lo ti bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún ni?"

Imesha tún lu agogo. Bàbá rẹ̀ ló yíjú padà.

"Ẹ má bínú," ni Tikiri Banda wí. "Ti ìyá mi ló ń lù."

Ó gba okùn lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó ń bá a lọ láti ibi tó dé. Ọkùnrin tó ń kùn náà sọ àpò rẹ̀ kalẹ̀, ó jókòó tì í.