Jẹ́jẹ́ àti Orin Tó Dákẹ́ Láàárín

Onígbàjámọ̀ ni. Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé bí ó bá ń gẹ irun èèyàn, oorun ni yóò máa gbé onítọ̀hún lọ. Abẹ́ àtẹ̀gùn ilé alájà mẹ́ta ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà: àga méjì, dígí kan tó ti là létí, ìgò sípírítì tó fi ń nu abẹ, àti ẹ̀rọ orin àtijọ́ kan tó fi aṣọ pupa bò kí irun má baà kó sínú rẹ̀. Ẹni tó bá ń gẹrun níbẹ̀ kò ní pẹ́ mọ̀ pé yàtọ̀ sí ìyàwó rẹ̀ àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, ohun kan tún wà láyé tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bú lójú Jẹ́jẹ́. Ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan ni, Aládùúgbò lorúkọ wọn.

Ọ̀dọ́ mẹ́rin ni wọ́n nígbà tí Jẹ́jẹ́ kọ́kọ́ gbọ́ wọn, tí wọ́n ń fi gáréèjì mẹkáníìkì kan ṣe ibi ìdánrawò. Ẹni tó ń kọrin níbẹ̀ máa ń kùn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun; ẹni tó ń ta gìtá lè máa fa okùn kan ṣoṣo títí tí yóò fi sú etí. Àwọn kan sọ pé ọgbọ́n ni. Àwọn kan ní wọn ò mọ orin kọ ni. Jẹ́jẹ́ kì í bá wọn jiyàn nígbà náà. Ó sáà máa ń dúró níwájú, á dijú, á máa mi orí.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìwé ìròyìn ńlá kan fún wọn ní àmì-ẹ̀yẹ, tó ní kò tíì sí ẹgbẹ́ olórin tó tó wọn ní ìran yìí. Orin kẹrin inú àwo wọn tuntun ni ìwé ìròyìn náà yìn jù. Bí orin náà bá dé àárín, gbogbo ohun èlò á dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Èèyàn ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́ àfi àga tó dún kín-ín, àti ẹnì kan tó ń mí. Á pẹ́ bẹ́ẹ̀ débi pé ẹni tí kò mọ̀ á dìde lọ wò bóyá iná ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ìlù á tún já wọlé.

Ní Sátidé kan, Tíṣà, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní sáyẹ́ǹsì nílé ìwé girama ìtòsí, jókòó sórí àga Jẹ́jẹ́ pẹ̀lú aṣọ funfun lọ́rùn. Àbúrò Jẹ́jẹ́, tó ń ṣiṣẹ́ iná, jókòó sórí àga kejì, ó ń retí kí ó kan òun.

"Ẹ gbọ́ ná," Tíṣà ní, "ẹni tó bá ra àwo orin, orin ló rà àbí ìdákẹ́jẹ́ẹ́? Tí ìwọ bá wá tún iná ilé mi ṣe, tí o kàn jókòó sórí àga tí o ń mí, ṣé màá yìn ọ́?"

"Ẹ̀yin Tíṣà, kò yé yín ni," Àbúrò fèsì. "Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn gan-an lorin náà. Ó jìn!"

"Kànga náà jìn. Ṣé ká wá kó sínú ẹ̀?"

"Inú ń bí yín torí pé ẹ̀yin ò lè ṣe é."

"Èmi ò lè dákẹ́?"

"Ẹ̀yin? Láéláé!"

Ṣọ́ọ̀bù bú sẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Tíṣà ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síbi tí etí pọ̀ sí. Alábòójútó ilé ìkàwé àdúgbò, obìnrin kan tó fẹ́ràn kí gbọ̀ngàn rẹ̀ kún, gbà lórí fóònù lójú ẹsẹ̀ pé kí wọ́n wá ṣe àríyànjiyàn níbẹ̀ ní Sọ́ńdè ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀: ṣé ìyìn tí Aládùúgbò ń gbà tọ́ sí wọn, àbí kò tọ́? Tíṣà á sọ pé kò tọ́. Àbúrò nawọ́ sí onígbàjámọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ló máa bá wa sọ tiwa. Àwọn ló ti mọ ẹgbẹ́ yìí kí ẹgbẹ́ náà tó ní bàtà lẹ́sẹ̀."

Kílípà ń dún lọ́wọ́ Jẹ́jẹ́. Ó ní, "Kò burú." Ó rò pé iṣẹ́ kékeré ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, kí oníbàárà tó dé, ó jókòó sórí ọ̀kan nínú àga rẹ̀, ó fi orin kẹrin sí i kí ó lè mọ ohun tí òun máa sọ. Ó ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà. Ṣùgbọ́n gbígbọ́ fún adùn yàtọ̀ sí gbígbọ́ fún ẹjọ́. Lọ́jọ́ yẹn, ó gbọ́ ibì kan tí onígìtá ti ṣì í ta kí orin tó dákẹ́. Ṣé ó ṣì í ta ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀ ta á bẹ́ẹ̀? Jẹ́jẹ́ tún un gbọ́. Ó jọ àṣìṣe. Ó tún un gbọ́. Omi fẹ́ẹ́ bọ́ lójú rẹ̀. Ó tún un gbọ́, ó wá rí i pé ọṣẹ ìfárí tó ti tán lòun ń rò. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó dé ìdajì, kò mọ̀ mọ́ bóyá orin náà ń dùn mọ́ òun torí pé ó dùn, tàbí torí pé ó ti mọ́ òun lára bí ariwo fáànù ṣe ń mọ́ onílé lára.

Ó lọ bá ìyàwó rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ní wọ́ọ̀dù àwọn tó ń bímọ. Ó ń lọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ní pálọ̀.

"Nọ́ọ̀sì mi," Jẹ́jẹ́ ní, "bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí ló dára lára orin Aládùúgbò, kí ni wàá sọ?"

Obìnrin náà ò gbójú sókè. "Èmi? Mi ò fẹ́ràn wọn rí."

"O ní kí ni?"

"Mi ò fẹ́ràn wọn rí, bàbá ọmọ mi. Etí máa ń dùn mí."

Jẹ́jẹ́ fìdí wá àga. Níbi eré Aládùúgbò ni àwọn méjèèjì ti pàdé. Òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà, gbogbo èèyàn sá, àwọn méjì yìí nìkan ló kù níwájú, tí aṣọ lẹ̀ mọ́ wọn lára. Ìtàn tó ti sọ fún gbogbo oníbàárà rẹ̀ ni pé obìnrin tó fẹ́ràn orin débi pé òjò ò lè lé e lọ lòun gbé níyàwó.

"Òjò yẹn ńkọ́?" ó bèèrè. "O dúró sínú òjò!"

"Ìwọ lo dúró sínú òjò. Èmi dúró ti ẹni tó dúró." Ó yí aṣọ náà padà, ó ń lọ ìhà kejì. "Ìwọ ni mo wá wò. Ta ló ń gbọ́ tiwọn?"

Ó yẹ kí inú Jẹ́jẹ́ dùn sí ọ̀rọ̀ yìí, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ó tún ń rántí gbogbo àárọ̀ tí òun ti fi orin náà jí obìnrin yìí, àti gbogbo ìrìn-àjò tí wọ́n ti gbọ́ ọ nínú mọ́tò, tí ìyàwó ń mi orí. Kí ló wá ń mi orí sí nígbà náà?

Nígbà tí àríyànjiyàn ku ọ̀la, Tíṣà wá, ó ní kí Jẹ́jẹ́ bá òun tún irunmú òun ṣe, torí ìjà àwọn kì í ṣe ìjà irun. Jẹ́jẹ́ mú abẹ, ọkàn rẹ̀ sì wà nínú òjò ọjọ́sí. Kí ó tó ronú wálé, ìdajì irunmú Tíṣà ti wà nílẹ̀.

Tíṣà wo dígí títí. "Jẹ́jẹ́, ṣé torí àríyànjiyàn náà ni?"

"Ẹ forí jì mí, Tíṣà. Mi ò mọ ibi tí mo wà ni."

"Abẹ́ imú mi lo wà!"

Kò sí ohun tó kù láti ṣe ju kí wọ́n fá ìdajì kejì.

Gbọ̀ngàn ilé ìkàwé kún ní Sọ́ńdè. Tíṣà ló kọ́kọ́ dìde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ń wo ara wọn, wọn ò tètè dá a mọ̀ láìsí irunmú. Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní òun ò bá àwọn olórin náà jà, àwọn tó ń yìn wọ́n lòun ń bá wí. Ó ní ẹni tó bá ń bẹ̀rù kí wọ́n má pe òun ní òpè, ohunkóhun tí kò bá ti yé e ni yóò máa yìn. Ó wá fi orin kẹrin sí i. Nígbà tí orin dákẹ́, gbogbo ilé dákẹ́, ọmọ ọwọ́ kan sì sín lẹ́yìn. Tíṣà gbé ìka sókè.

"Ẹ gbọ́ ìyẹn? Ẹ fún ọmọ yẹn náà ní àmì-ẹ̀yẹ!"

Ẹ̀rín sọ. Àbúrò pàápàá rẹ́rìn-ín kí ó tó rántí pé inú ń bí òun.

Ó kan Jẹ́jẹ́. Ó gba gbohùngbohùn. Bí ó ṣe fẹ́ la ẹnu, ó rí ìyàwó rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé nínú aṣọ nọ́ọ̀sì, tó ń wá àyè tí yóò jókòó sí. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti tò sínú fò lọ. Ó pa ẹnu dé. Ó tún là á. Kò sí ohun tó jáde àfi èémí rẹ̀, tí gbohùngbohùn ń gbé ká gbogbo ilé.

Ẹnì kan pàtẹ́wọ́ lápá òsì. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e.

"Ẹ ò rí i bí?" Àbúrò pariwo. "Ẹ ò rí ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe? Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ náà nìyẹn!"

Ni ìdajì gbọ̀ngàn bá dìde, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Ìdajì kejì ń hó pé kí ó jókòó.

"Ẹ dákun," Jẹ́jẹ́ rí ohùn sọ̀rọ̀ níkẹyìn, "mi ò ṣe nǹkan kan o. Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ sọ ni. Mo fẹ́ràn wọn. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n dára."

"Ó jìn!" ẹnì kan kígbe.

"Kò jìn!" Ìyàwó rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀, ó ti dìde. "Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Ẹ jẹ́ kó sinmi." Ó kọjú sí Tíṣà. "Èmi alára ò fẹ́ràn orin yìí, ọ̀sẹ̀ yìí ni ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ṣùgbọ́n Tíṣà, ẹ má fi ibi tó dákẹ́ yẹn ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Obìnrin kan bímọ ní wọ́ọ̀dù wa, ọmọ náà ò dúró. Ìyá náà ò sunkún, kò jẹun, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ó wá ní kí n bá òun fi orin yẹn sí i lórí fóònù òun. Ibi tó dákẹ́ yẹn ló ti sunkún. Bí ìlù ṣe tún bẹ̀rẹ̀, ó ní kí n dá a padà síbi tó dákẹ́. Mo dá a padà. Mo ń dá a padà bẹ́ẹ̀ títí ó fi sùn."

Tíṣà dìde pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Nọ́ọ̀sì, Ọlọ́run á tu obìnrin náà nínú. Mi ò ní ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín: omi gbígbóná náà ń tu aláìsàn lára. Ṣé torí ìyẹn la ó ṣe pe ẹni tó gbé e kaná ní ọ̀gá àwọn alásè?"

Ìyàwó Jẹ́jẹ́ ronú díẹ̀. "Òótọ́ lẹ sọ," ó ní. "Mi ò mọ̀." Ó jókòó.

Alábòójútó ní kí wọ́n nawọ́. Àwọn kan nawọ́ fún ìhà méjèèjì, àwọn mìíràn ò na rárá. Ó kà á, ó tún un kà, ó ní òun ò rí orí òun ò rí ìrù rẹ̀, kí kálukú máa lọ sílé.

Tọkọtaya náà fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi rí?" Jẹ́jẹ́ bèèrè.

"Ọ̀rọ̀ aláìsàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilé. Lónìí gan-an, mi ò mọ bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. Nígbà tí wọ́n ń hó lé ọ lórí ni ara mi gbóná."

"Ṣé o ti wá fẹ́ràn orin náà báyìí?"

"Rárá o."

"Ṣebí ìwọ lo gbọ́ ọ títí obìnrin náà fi sùn."

"Mo gbọ́ ọ. Mi ò fẹ́ràn ẹ̀. Kí lo fẹ́ kí n ṣe?"

Wọ́n rìn díẹ̀ sí i. "Orin wo wá ni ìwọ fẹ́ràn?" Jẹ́jẹ́ bèèrè. Ìbéèrè náà ya òun alára lẹ́nu, torí ọmọ wọn ti wà ní yunifásítì, òun ò sì bi ìyá ọmọ náà bẹ́ẹ̀ rí.

Ojú ti obìnrin náà bí ọmọge. Ó mú fóònù jáde nínú báàgì, ó wá nǹkan kan, ó gbé e sí ọkọ rẹ̀ létí. Orin ijó àtijọ́ kan ni, fèrè ló kún inú rẹ̀, ọkùnrin kan sì ń fi ohùn tín-ín-rín bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ láìsinmi. Jẹ́jẹ́ dúró lẹ́bàá ògiri, ó gbọ́ ọ tán.

"Ó dáa," ó ní.

"Irọ́ ni!"

"Fèrè yẹn... ó pọ̀ díẹ̀."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí tó fi di ògiri mú.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, orin onífèrè ló ń dún nínú ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró bí ẹni tó ṣìlé. Tíṣà ní ohun tí wọ́n ń pè lórin gan-an nìyí. Jẹ́jẹ́ ń gẹrun lọ, ó ń gbìyànjú láti gbọ́ ohun tí ìyàwó rẹ̀ ń gbọ́ nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn á dà bí ẹni pé ó fẹ́ẹ́ yé e. Fèrè á sì tún bò ó mọ́lẹ̀.