Ohun Tí Ẹ Bá Fẹ́ Náà Ni

Ọdún tí àwọn ológun ti bodè pa ni mo fẹ́ wọ yunifásítì, ọ̀rọ̀ ọdún yẹn sì ń bí mi nínú títí dòní. Ìṣirò ni mo fẹ́ kà. Yunifásítì méjì ló wà níwájú mi: ọ̀kan tóbi, ó jìnnà, gbogbo ayé ló mọ̀ ọ́n; èkejì kéré, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a sílẹ̀ ni, kò sì jìnnà sí Ayétòrò wa. Èyí tí a bá kọ sípò kìíní nínú fọ́ọ̀mù ni ọ̀rọ̀ kàn.

Èyí kékeré ni mo fẹ́. Tíṣà ìṣirò wa sọ fún mi pé àwọn tó ń ka ìṣirò níbẹ̀ kò kún bẹ́ǹṣì mẹ́ta, pé olùkọ́ máa ń pe kálukú síwájú pátákó. Ní ti ńlá, inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ń rọ́ sí, ẹni tó wà lẹ́yìn kì í gbọ́ nǹkan kan. Èmi sì rèé, bí n kò bá béèrè "kí ló dé tó fi rí bẹ́ẹ̀?" léraléra, ìṣirò kì í wọ̀ mí lórí. Wọ́n ní ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ta ni màá wá bi láàárín èrò bíi ti ọjà?

Bàbá mi, ọ̀gá ilé ìwé ìjọ, pè mí lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán ọjọ́ ìsinmi kan.

"Èwo la máa kọ ṣáájú? Ńlá yẹn lókìkí o."

Mo kúnlẹ̀. "Ohun tí ẹ bá fẹ́ náà ni, Bàbá."

Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn. Tí a bá fi oúnjẹ lọ àlejò nílé wa, á ní òun ti yó. Tí a bá tún lọ̀ ọ́, á ní ká má ṣe wàhálà. Ìgbà tí a bá rọ̀ ọ́ títí ni yóò tó ṣanwọ́. Ọmọ tó bá sọ tinú rẹ̀ ní ìbéèrè àkọ́kọ́, wọn á ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè kejì ni mò ń retí. Bàbá mi kàn mi orí, ó ní, "Ó dáa."

Ẹni tó máa ń béèrè ẹ̀ẹ̀kejì nílé wa ni Bàbá Kétu, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń ṣe tíṣà lódìkejì bodè. Faransé á kọ́kọ́ yọ lẹ́nu rẹ̀: "Bọ̀n! Ó dáa, ìyẹn lẹnu ẹ sọ. Kí ni inú ẹ sọ?" Ohun tó bá sì sọ, abẹ gé e ni fún bàbá mi. Oṣooṣù ló máa ń gba ọ̀nà Ẹ̀gùá wọlé sí wa, ṣùgbọ́n àwọn ṣọ́jà ti dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń dá arúgbó padà bí ẹni pé ìbọn ló dì sínú agbádá. Mo ṣépè fún ṣọ́jà, mo ṣépè fún bodè. Ta ló tilẹ̀ fa ìlà sáàárín ọmọ ìyá?

Mo rò pé ọjọ́ ṣì wà nílẹ̀ kí fọ́ọ̀mù tó lọ. Àṣé mò ń tan ara mi ni. Nígbà tó yá, ó sú mi, mo ní bí ẹnikẹ́ni kò bá bi mí, màá fẹnu ara mi sọ ọ́. Bí mo ṣe ti ilé ìwé dé, mo kúnlẹ̀.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èyí kékeré ni mo fẹ́."

Bàbá mi bọ́ awò ojú rẹ̀. "Epo mọ́tò wọ́n, o mọ̀. Tíṣà kan rí díẹ̀ rà, ó ń lọ sí Abẹ́òkúta láàárọ̀ yìí. Mo ti fi fọ́ọ̀mù rán an. Ńlá ni mo kọ."

"Ẹ ò tún bi mí, sà!" Ohùn mi ti ga ju ti ọmọ tó wà lórí ìkúnlẹ̀ lọ.

"Mo fẹ́ tún bi ọ́. Ọkọ̀ ò dúró." Ó ń wo ilẹ̀. "Nígbà tó o ní ohun tí mo bá fẹ́, mo rò pé ara ńlá ni ọkàn rẹ wà, pé o kàn ń tijú torí ìnáwó rẹ̀ ni. Mi ò fẹ́ kó jẹ́ èmi ni mo dí ọ lọ́nà."

Inú bí mi débi pé n kò mọ ẹni tí mo lè bínú sí. Mo bi í pé, ká ní tirẹ̀ nìkan ni, èwo ni ì bá mú.

"Kékeré," ni bàbá mi wí. "Màmá rẹ ì bá máa rí ọ."