Má-Fọwọ́-Kàn-Án àti Sílè Kẹsàn-án

Wọ́n ní àbúrò mi ń bọ orí kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mi ò gbà á gbọ́ tán, àmọ́ mo gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta sí i, torí bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Atúnagogo-ṣe ni. Lọ́jọ́ kẹrin, mo yọ́ wọlé bá a. Gíláàsì há a lójú kan, ó sì dorí kodò sí orí ọba òyìnbó kan lóòótọ́, ara sílè fàdákà ni orí náà wà.

Má-Fọwọ́-Kàn-Án ni àdúgbò ń pè é, torí eteetí sílè nìkan ló máa ń dì mú, kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ojú rẹ̀. Ó ní irun òkè etí ọba ló kọ́kọ́ máa ń jẹ bí owó bá ti ń tọwọ́ bọ́wọ́. Tí irun bá ṣì wà fọ́nran-fọ́nran, sílè yẹn dára nìyẹn. Lọ́jọ́ kan ó wo ìyàwó rẹ̀, ó ní iwájú ti jẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ṣì dúró. Ọjọ́ méjì ni kò fi rí oúnjẹ.

Àpótí rẹ̀ ní ihò mẹ́sàn-án, fún sílè ọba yẹn láti 1902 dé 1910. Ti 1905 ló ṣọ̀wọ́n, díẹ̀ ni wọ́n rọ. Ọdún mọ́kànlá ni ihò rẹ̀ fi ṣófo, kó tó rí ọ̀kan tí oníbàárà kan fi há ìdí agogo, dúdú bí ìdí ìkòkò. Ọ̀rẹ́ rẹ̀, agbélẹ́tà tó ti fẹ̀yìn tì, ní ti 1905 tirẹ̀ tó ti pá, òun ló sì fi ń yangàn sí i. Ohun tí àbúrò mi ń fẹ́ láyé ni kí ọkùnrin yìí fẹnu ara rẹ̀ sọ pé, “Tìrẹ dára jù.” Ọjọ́bọ̀ ló ń bọ̀ wá wò ó.

Èmi tí mo tọ́ ọmọ márùn-ún, mi ò lè jẹ́ kí àlejò bá ìdọ̀tí. Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, tí àbúrò mi wọ balùwẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, mo fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ gbo ọba 1905 náà títí ó fi ń dán bíi dígí. Mo gbé Bíbélì mi lé etí àpótí náà, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Kó tó jáde, agbélẹ́tà ti dé, gíláàsì ti wà lójú rẹ̀.

“Wọ́n ti fọ ọba yìí. Irun rẹ̀ dà?”

Àbúrò mi sáré jáde, ó wò ó. “Kò sẹ́ni tó fọ̀ ọ́. Bí mo ṣe bá a nìyẹn.”

“Nídìí agogo? Ṣé agogo yẹn ń wẹ̀ ni?”

Agbélẹ́tà wá yíjú sí mi, ó ní òun mọ̀ pé ìyá ìjọ kì í purọ́. Àbúrò mi ń ṣẹ́jú sí mi bí ẹni tí eruku kó sí lójú. Mo gbójú sókè, ìrànlọ́wọ́ kankan ò ti ibẹ̀ wá.

“Èmi ni mo fọ̀ ọ́,” mo ní. “Ìwẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀.”

“Ẹ̀gbọ́n mi,” ni àbúrò mi wí, “ẹ ò bá kúkú gba ààwẹ̀ ọ̀rọ̀ sísọ lónìí.”

Agbélẹ́tà ní tòun tó pá sàn ju èyí tí wọ́n fá lórí lọ. Mo bi í pé báwo ni apárí ṣe máa sàn ju ẹni tó wẹ̀ lọ. A ṣì wà lórí ẹ̀ tí àbúrò mi di eteetí Bíbélì mi mú, ó gbé e kúrò lórí àpótí rẹ̀, ó ki àpótí náà bọ abẹ́ apá, ó sì jáde, ó fi èmi àti agbélẹ́tà sílẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀.