Èmi Kọ́ Ni Mo Sáré

Títí di òní, inú máa ń bí mi tí mo bá rántí bí ọ̀gá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó yẹn ṣe fọwọ́ gbá ọkọ̀ mi. Kò gbá a bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ó gbá a bí ìgbà tí ènìyàn bá ń lé ewúrẹ́ tó ki ẹnu bọ inú ẹ̀lùbọ́ tí wọ́n sá. Ìyá mi tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níwájú ta gìrì.

"Subuhánálláhì! Kí la kọ lù?"

"A ò kọ lu nǹkan kan, Màámi. Àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ni."

Ìbàdàn la ti ń bọ̀ lọ́jọ́ náà. Mo gbé ìyá mi lọ kí àwọn dókítà lè yẹ ojú rẹ̀ wò, wọ́n sì ti kán oògùn kan sí i tó mú kí gbogbo nǹkan máa ṣe bàìbàì lójú rẹ̀. Nígbà tí a dé Ẹ̀dúnàbọ̀n, ó ní bọ̀ọ̀lì ń wu òun jẹ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo ra bọ̀ọ̀lì àti ẹ̀pà, mo sì tún padà sójú ọ̀nà. Típà kan tó ru yanrìn ló bọ́ síwájú wa, ó ń wọ́ bí aláboyún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo wà jẹ́jẹ́ mi, tí mo ń gbé èéfín rẹ̀ mì, nígbà tí jíìpù dúdú kan fò kọjá lára àwa méjèèjì. Atẹ́gùn rẹ̀ mi ọkọ̀ mi jìgìjìgì.

Ìyá mi ní, "Ta nìyẹn? Kí ló ń lé e?"

Kò pẹ́ tí a fi dé ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ wà lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n jẹ́ kí jíìpù lọ. Wọ́n jẹ́ kí típà lọ. Èmi ni wọ́n ní kí n yà sápá kan.

Ọ̀gá wọn, ọkùnrin gíga kan tó wọ awò ojú dúdú, na ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn eré ọkọ̀ sí mi láti ojú fèrèsé. "Mà, ẹ ti sáré kọjá ohun tí òfin wí. Ẹ wò ó fúnra yín."

Mo wo iye tó wà lójú ẹ̀rọ náà. Ọkọ̀ mi kò lè sá eré yẹn kódà bí wọ́n bá jù ú sílẹ̀ láti orí òkè. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ̀yìn típà ni mo wà. Ṣé orí típà ni mo gbà fò ni? Jíìpù dúdú tó kọjá yẹn ni ẹ̀rọ yín rí."

"Ẹ̀rọ kì í purọ́, mà."

"Mi ò ní ẹ̀rọ ń purọ́."

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá tẹ̀ mọ́ fèrèsé, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ ti gbé Màmá dání, ẹ má jẹ́ ká dá wọn dúró sínú oòrùn. Ẹ fún àwọn ọmọ yín ní nǹkan mu, kẹ́ ẹ máa lọ."

Ohun tó bí mi nínú nìyẹn. Ká ní ó gbà gbọ́ lóòótọ́ pé mo sáré ni, ǹ bá ní àṣìṣe ni. Ṣùgbọ́n ó mọ̀. Ó ti rí típà. Ó ti rí jíìpù. Ó kàn yan ẹni tó máa rọrùn fún un láti mú ni, obìnrin tó gbé ìyá arúgbó.

Mo ní, "Ẹ kọ tíkẹ́ẹ̀tì yín."

Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó kọ ọ́, ó sì jù ú sórí ẹsẹ̀ mi. Kóòtù ni mo máa lọ bí mo bá ní mi ò jẹ̀bi, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí n lọ san owó ìtanràn ní báńkì.

Bí mo ṣe fẹ́ wa ọkọ̀ lọ ni ìyá mi na ọwọ́ sí i láti ìhà ọ̀hún, sí ọkùnrin tí òun kò lè rí dáadáa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ máa mú wọn o, àwọn tó ń fi eré pa ọmọ ọlọ́mọ. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín."

Ọkùnrin náà ní, "Àmín, Màmá."

Mo di sítíárìn mú gírígírí títí a fi wọ Ifẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí ìyá mi fi súre fún wọn. Ojú ọ̀nà yìí kan náà ni àbúrò mi ọkùnrin kú sí, òun nìkan ni ọkùnrin tí ìyá mi bí. Ó ń ti Ìbàdàn bọ̀ nínú bọ́ọ̀sì akérò, awakọ̀ ń sáré, wọ́n sì lọ rún mọ́ abẹ́ tírélà tó dúró sójú ọ̀nà, kò jìnnà sí Gbọ̀ngán. Láti ìgbà náà, kò sí ọkọ̀ tí ìyá mi máa wọ̀ tí kò ní máa sọ fún awakọ̀ pé "rọra." Èmi náà, láti ìgbà náà, mi ò sáré rí. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi nílé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé oníkẹ̀kẹ́ máa ń kọjá lára mi. Èmi yìí ni wọ́n kọ tíkẹ́ẹ̀tì eré àsápajúdé fún, lójú ọ̀nà yẹn.

Ilé ọkọ mi ní Ìlàré nínú Ifẹ̀ ni ìyá mi ń gbé pẹ̀lú wa. Ní ìrọ̀lẹ́, mo gbé tíkẹ́ẹ̀tì náà síwájú ọkọ mi. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, kì í fẹ́ wàhálà. Ó kà á, ó ṣẹ́ ẹ po sí méjì, ó fi sápò.

"Màá bá ọ san án lọ́la."

"Mi ò ní kẹ́ ẹ bá mi san án. Kóòtù ni mò ń lọ."

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀? A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́."

"Èmi ò wá ọ̀rẹ́ lọ sọ́dọ̀ wọn."

Ó mí kanlẹ̀. "Gbọ́ mi ná. Wọn ò ní gbọ́ ẹjọ́ rẹ lọ́jọ́ kan. Wọ́n á ní kó o lọ, kó o bọ̀. Ta ló sì máa jẹ́rìí sí i? Ìyá tí wọ́n kán oògùn sí lójú?"

Inú yàrá ni ìyá mi ti dáhùn. "Mi ò nílò ojú kí n tó mọ̀ pé ọkọ̀ ò sáré."

Inú mi dùn. Mo rò pé ó ti gbè mí. Ó jáde wá, ó ń tọ ògiri bọ̀, ó jókòó. Ó ní, "Ṣùgbọ́n má lọ. Ọkọ rẹ sọ òótọ́. San owó náà."

"Màámi, ẹ mọ̀ pé mi ò sáré!"

"Mo mọ̀. Bí wọ́n bá ṣìnà lórí tìrẹ, wọn ò ní ṣìnà lórí ẹlòmíì. Jẹ́ kí wọ́n wà lójú ọ̀nà. Ká ní àwọn wọ̀nyẹn dúró lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà ni, àbúrò rẹ ìbá wà láyé."

Mo dìde, mo jáde nílé. Mi ò mú ìborùn, mi ò sọ ibi tí mò ń lọ. Mo rìn láti Ìlàré títí dé Ẹnuwá, mo ń sọ̀rọ̀ sókè bí wèrè, àwọn ènìyàn ń yà fún mi. Ohun tí ìyá mi kò mọ̀ ni pé wọ́n wà lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà. Obìnrin kan tó yè nínú bọ́ọ̀sì náà ló sọ fún mi lórí bẹ́ẹ̀dì nílé ìwòsàn. Ó ní àwọn kan tó wọ aṣọ iṣẹ́ dá àwọn dúró nítorí eré, inú àwọn èrò sì dùn. Awakọ̀ sọ̀ kalẹ̀, ó ki nǹkan bọ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọ́n ní kó máa lọ. Nígbà tó padà wọlé, ó ní òun gbọ́dọ̀ rí owó yẹn pa padà, eré tó wá sá lẹ́yìn ìyẹn ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Mi ò sọ ọ́ fún ìyá mi. Mo rò pé ọ̀fọ̀ ọmọ nìkan ti tó fún un. Mo jẹ́ kó máa súre fún wọn.

Ẹnuwá ni mo ti pinnu. Bí mo bá san owó yẹn, mo ti fọwọ́ sí i pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa ṣe é: kí wọ́n mú ẹni tó ń rọra lọ, kí ẹni tó ń sáré máa lọ pànìyàn níwájú. Mo padà sílé, mo jókòó sí ẹsẹ̀ ìyá mi, mo sì sọ ohun tí obìnrin náà wí fún un. Ọkọ mi, tó ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, fẹ́ dá mi dúró, kò ráyè.

Ìyá mi kò sunkún. Ó béèrè pé, "Ó dá ọ lójú?"

"Obìnrin náà wà nínú ọkọ̀, Màámi."

Ó wá ní, "Ọjọ́ wo ni kóòtù náà?"

Òun náà tẹ̀ lé mi lọ. Gbọ̀ngàn kékeré kan ni, gbígbóná, àwọn awakọ̀ kún inú rẹ̀. Akọ̀wé kóòtù á pe orúkọ, á ka ẹ̀sùn, ẹni náà á ní òun jẹ̀bi, wọ́n á ní kó lọ sanwó. Bí wọ́n ṣe ń pe ẹnì kan ni wọ́n ń pe èkejì, bí ẹni ń ta búrẹ́dì. Nígbà tó kàn mí, mo ní, "Mi ò jẹ̀bi."

Akọ̀wé gbójú sókè. Adájọ́, obìnrin tí kò lè fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, béèrè pé níbo ni ẹ̀ṣọ́ tó kọ tíkẹ́ẹ̀tì wà. Kò wá. Ẹ̀rọ náà ńkọ́? Kò sẹ́ni tó mú un wá. Adájọ́ ní kí n padà wá lọ́jọ́ mìíràn. Èmi àti ìyá mi padà lọ. Ọkùnrin aláwò ojú dúdú náà kò tún wá. Adájọ́ ṣí ìwé, ó pa á dé.

"A ti fagi lé ẹjọ́ yìí. Ẹ lè máa lọ, mà."

Mo ní, "Mà, ẹ ò tíì gbọ́ tẹnu mi."

"Kò sí ohun tí ẹ fẹ́ sọ mọ́. Ẹ ti borí."

Mo dúró síbẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti kó jọ láti sọ ni mi ò rí sọ: típà, jíìpù, ọwọ́ tó fi gbá ọkọ̀ mi, ọ̀rọ̀ tó sọ lójú fèrèsé. Ṣé bí a ṣe ń borí nìyẹn? Ọkùnrin náà wà lójú ọ̀nà lọ́wọ́lọ́wọ́ bí mo ṣe dúró, ó ń na ẹ̀rọ sí ẹlòmíì. Lẹ́yìn mi, mo gbọ́ ohùn ìyá mi. Ó ti dìde.

"Adájọ́, wọ́n gba owó lọ́wọ́ awakọ̀, wọ́n jẹ́ kó lọ, ó sì pa ọmọ mi."

Akọ̀wé ní, "Màmá, ẹ jókòó." Ìyá mi kò jókòó. Adájọ́ wò ó, mo sì rí i pé ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó yẹ kó dé lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó lè sọ kò pọ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ ọmọ yín sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ẹjọ́ tó wà níwájú mi."

Akọ̀wé pe orúkọ ẹlòmíì.

Mo di ìyá mi lọ́wọ́ mú jáde. Nígbà tí a wọnú ọkọ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ìyá mi sì di ọwọ́ mi mú kí a má tíì gbéra. Ó ní kí n sọ gbogbo rẹ̀ fún òun, bí obìnrin yẹn ṣe sọ ọ́ gan-an: ibi tí àbúrò mi jókòó sí, ohun tó ń sọ kí wọ́n tó dá wọn dúró, bóyá ó bá awakọ̀ wí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó bá a wí, òun àti obìnrin náà. Ìyá mi lu orí itan rẹ̀. "Mo mọ̀," ló wí, "ọmọ mi ò ní dákẹ́," ó sì ṣépè fún àwọn tó gbowó náà, ìyá mi tí kì í ṣépè. Oòrùn ń pa wá nínú ọkọ̀, a ò ṣí fèrèsé. Mo ń sọ ọ́ lọ, inú ń bí mi, inú ń bí òun náà, mi ò sì dá nìkan bínú mọ́.