Irun Ìbítóyè

Ṣèyítán kò tíì gbé ẹsẹ̀ kejì kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní Osi tí ọkùnrin kan fi gbé àpótí rẹ̀ ka iwájú ọ̀kadà, tó sì wa ọ̀kadà náà lọ.

Ó figbe ta. "Olè! Ẹ gbà mí o!"

Kò sẹ́ni tó mira. Obìnrin kan tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá títì gbójú sókè. "Ta lolè? Abdulhafeez?" Ó yíjú sí ẹni tó jókòó tì í. "Ẹ gbọ́ o. Àlejò ní Abdulhafeez jalè." Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ní Mushin tí wọ́n bí Ṣèyítán sí, tó sì ti di onírùngbọ̀n sí, bí ẹnì kan bá gbé ẹrù rẹ, o kì í bèèrè ìdí. Eré ló kù. Ó sáré kọjá ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà, ó sáré kọjá àwọn tó ń sá ẹ̀gẹ́ lórí àpáta, ó ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sì ń sáré tẹ̀lé e bí ẹni pé eré ìdárayá ni. Nígbà tó rí ọ̀kadà náà, iwájú ilé àtijọ́ kan ló dúró sí. Àpótí rẹ̀ wà lórí pèpéle. Ìyá arúgbó kan jókòó tì í, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tó ń sùn.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mà lè sáré o," Abdulhafeez ní. "Mo ti rò pé ẹ máa gun ọ̀kadà ẹnìkejì mi tẹ̀lé mi ni."

"Ta ló ní kí o gbé e wá síbí?"

"Ojú yín ni. Ojú Baba Ìbítóyè rèé láìkù síbì kan. Ṣé kí n wá gbé e lọ sí ilé ìjòyè ni?"

Ṣèyítán gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ lẹ́nu àjèjì. Kò tíì sọ orúkọ ara rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni nínú ìlú yìí.

Iṣẹ́ gbàjámọ̀ ló ń ṣe. Onílé tó háyà ṣọ́ọ̀bù fún un ní Mushin ti wó ṣọ́ọ̀bù náà láti kọ́ pétẹ́ẹ̀sì. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló sọ fún un pé yunifásítì ti ṣí ẹ̀ka sí Osi, ìlú bàbá rẹ̀, irun àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń hù bí igbó, kò sì sẹ́ni tó mọ gígé ìgbàlódé. Ó gbèrò láti gba yàrá kan nítòsí ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́, kó fi jẹ́jẹ́ ṣiṣẹ́ rẹ̀, kí ìyàwó àtàwọn ọmọ tẹ̀lé e bí ìdí bá ti jókòó. Ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ló rò pé òun ń lọ. Bó bá di ọjọ́ Ìsinmi kan, yóò wá ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ lọ, Màmá Àríkẹ́, tó jẹ́ pé inú fọ́tò nìkan ló ti mọ̀ ọ́n.

Màmá Àríkẹ́ náà ló jókòó ti àpótí yìí.

Ó fa Ṣèyítán mọ́ra, ó gbàdúrà lé e lórí, ó bu omi fún un. Omi ṣì wà lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí ìyá bèèrè pé:

"Irun rẹ̀ dà?"

Ṣèyítán gbé omi mì. "Irun ta, Màmá?"

"Ta la tún ń retí irun rẹ̀? Àbúrò mi. Irun rẹ̀ tàbí èékánná rẹ̀, èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́ rẹ."

Ọdún kòrónà ni bàbá rẹ̀ kú, nígbà tí wọ́n dí gbogbo ọ̀nà. Èèyàn mẹ́rin péré ló tẹ̀lé òkú, pẹ̀lú ìbomú. Èkó ni wọ́n sin ín sí. Ohun tí Ṣèyítán mọ̀ kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí kò mọ̀ ni pé bí ọmọ Osi bá kú sí ibi tí a kò ti lè gbé e wálé, wọ́n á gé díẹ̀ nínú irun rẹ̀ àti èékánná rẹ̀, wọ́n á gbé e wá sin ín láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Irun yẹn ni òkú. Ìgbà tó bá wọlẹ̀ ni olóògbé tó dé. Kò sẹ́ni tó sọ fún un, nítorí ní Osi, kò sẹ́ni tó rò pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ sísọ. Ta ní ń kọ́ ẹja ní odò wíwẹ̀?

"Ẹ̀yìnkùlé níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá wa, mo ti fi àyè rẹ̀ sílẹ̀," ni Màmá Àríkẹ́ wí. "Ọdọọdún ni mo ń ro ó. Agbára mi ti ń tán, ọmọ mi. Mi ò lè bá ìyá wa lọ́hùn-ún kó bèèrè àbúrò mi lọ́wọ́ mi, kí n máa wolẹ̀."

Ṣèyítán ló gé irun bàbá rẹ̀ kẹ́yìn, ó ku ọ̀la kó kú. Ó gbá irun náà jọ, ó dà á sínú àpò pàǹtí, ọlọ́mọlanke gbé e lọ. Ó rántí òkè pàǹtí ní ẹ̀bá ọ̀nà l'Ékòó, èéfín tó ń rú lórí rẹ̀ àtàwọn ẹyẹ tó ń rà bàbà. Ó fẹ́ sọ òótọ́. Ohun tí etí rẹ̀ gbọ́ láti ẹnu ara rẹ̀ ni:

"Ó ń bọ̀, Màmá. Ó wà nínú ẹrù tó kù l'Ékòó."

Màmá Àríkẹ́ pàtẹ́wọ́. "Ó ń bọ̀ wá ulé!" ó kígbe. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń pe ilé níbẹ̀. "Ẹ gbọ́ o, Ìbítóyè ń bọ̀ wá ulé!"

Kí oòrùn tó wọ̀, àdúgbò ti kún pèpéle. Wọ́n ti dá ọjọ́: Sátidé tó tẹ̀lé èyí tó ń bọ̀. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ní òun kò rí ohun tó burú níbẹ̀. Erùpẹ̀ ń padà sí erùpẹ̀ ni. Ṣèyítán jókòó sáàárín wọn bí ẹni tí wọ́n fi igi lù lórí.

Abdulhafeez ló bá a wá ṣọ́ọ̀bù, lọ́kàn-án-kán ẹnu ọ̀nà yunifásítì. Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù kò béèrè àgírímẹ́ǹtì. Ó bèèrè orúkọ bàbá Ṣèyítán, ó sì na kọ́kọ́rọ́ sí i. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wọ́ wá. Ọwọ́ Ṣèyítán dá ṣáṣá lórí iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Àgbàlagbà tó kọ́kọ́ wọlé ni Baba Ògúnmọ́lá, àgbẹ̀ oníṣu, tí orí rẹ̀ funfun bí òwú. Bí wọ́n ti gé irun rẹ̀ tán, kí Ṣèyítán tó mú ìgbálẹ̀, baba náà ti kúnlẹ̀. Ó ń ṣa irun rẹ̀ nílẹ̀ sínú ọ̀rá, fọ́nrán-fọ́nrán.

"Baba, ẹ dìde, ẹ jẹ́ kí n gbá a."

"Gbá a lọ síbo?"

"Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, baba."

Baba Ògúnmọ́lá wò ó bí ẹni tó gbọ́ èébú. "Ìwọ náà, ṣé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù lo máa ń da orí rẹ sí?" Ó so ọ̀rá rẹ̀. "Ara mi nìyí. Nígbà tí mi ò bá sí níbẹ̀, kò gbọdọ̀ sùn síta."

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́rìn-ín. Ṣèyítán bẹ̀rẹ̀ sí í bá wọn rẹ́rìn-ín. Àárín ọ̀nà ló rántí àpò pàǹtí.

Ibẹ̀ ni èrò burúkú kan ti wọlé. Ewú kan kò yàtọ̀ sí ewú mìíràn. Ta ló máa mọ̀? Ìtìjú bá a fún ara rẹ̀, ó lé èrò náà jáde. Ó padà wá, ó jókòó. Ṣùgbọ́n dúdú ni irun àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ ń pa tiwọn láró. Àwọn àgbà ìlú, gbogbo wọn ló ń ṣa tiwọn lọ. Ìlú tó kún fún orí funfun, ewú wá ṣọ̀wọ́n bí ojú.

"Ẹ̀gbọ́n," Abdulhafeez bi í lọ́jọ́ kan, "kí lẹ máa ń wò lórí àwọn baba wa? Ẹ ń wò wọ́n bí ológbò ṣe ń wo ẹja yíyan."

"Iṣẹ́ ni mò ń wò."

"Ó dáa. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n rí yín."

Lójoojúmọ́ ni Màmá Àríkẹ́ ń bèèrè ẹrù. Lónìí, ẹrù ti kúrò l'Ékòó. Lọ́la, ó ti dé Ìlọrin. Nígbà tí irọ́ kò rí ibi sá sí mọ́, òjò ti ba ọ̀nà Odò-Ọ̀wá jẹ́, ọkọ̀ ti rì sẹ́rẹ̀. Ìyá ní kò burú, àbúrò òun kì í yára rìn láti kékeré. Ó ti fọ aṣọ funfun kan, ó ti sá a. Kápẹ́ńtà ti kan àpótí kékeré kan, kò tóbi ju páálí bàtà lọ. Àwọn ọmọ ilé ti ń dé láti Ìbàdàn.

Lọ́jọ́ Wẹ́sídeè, Baba Ògúnmọ́lá wá gé irun nítorí ọjọ́ Sátidé. Ṣèyítán tan kílípà. Bí ìdì ewú kan ti já bọ́, ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ó ń gé lọ. Kò kúrò lójú kan.

Baba kúnlẹ̀, ó ṣa, ó ṣa. Lẹ́yìn náà ló dúró, ó ń wo bàtà Ṣèyítán.

"Gbé ẹsẹ̀ rẹ."

"Baba?"

"Ẹsẹ̀ ọ̀tún. Gbé e."

Ṣèyítán gbé ẹsẹ̀. Baba Ògúnmọ́lá mú ìdì irun náà, ó fẹ́ iyanrìn kúrò lára rẹ̀. Kò pariwo. Ó wo ojú Ṣèyítán títí, ojú òun fúnra rẹ̀ sì là sílẹ̀ bí ti ẹni tó bá ejò lórí ẹní.

"Há," ó ní. "Ìwọ ọmọ yìí. Há." Ó sì jáde.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọ̀kadà Abdulhafeez dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Màmá Àríkẹ́ ló gbé wá, ìyá tó ti búra pé òun ò ní gun ọ̀kadà láyé. Orí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni Ṣèyítán wà. Ó ti gé apá kan, ó ku apá kan. Ìyá wo akẹ́kọ̀ọ́ náà, akẹ́kọ̀ọ́ dìde kíá, ó bọ́ síta tòun ti aṣọ lọ́rùn. Màmá Àríkẹ́ jókòó sórí àga rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kan ilẹ̀.

"Ọ̀rọ̀ kan ni mo bá wá," ó ní. "Ṣé irun Ògúnmọ́lá lo fẹ́ kí n sin sí ẹ̀gbẹ́ ìyá mi?"

Kílípà ń kùn lọ́wọ́ Ṣèyítán. Kò rántí pa á.

"Ògúnmọ́lá tó yí ààlà oko bàbá wa! Òun lo fẹ́ kí n máa kí ní 'ẹ kú àárọ̀' lẹ́yìnkùlé mi?"

Abdulhafeez wúkọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bóyá ẹ̀rín ni, bóyá ẹ̀rù ni.

"Kò sí, Màmá," Ṣèyítán ní. "Kò sí irun kankan l'Ékòó. Mo gbá a dànù. Mi ò mọ̀."

Ó retí igbe. Igbe kò dé. Ìyá ń wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ń wò ó bí ẹni tó ń wo ẹlòmíràn.

"Orí rẹ̀ mọ́ dáadáa kó tó lọ?" ó bèèrè.

Ìbéèrè yìí gún Ṣèyítán ju ti ìṣáájú lọ. Kò sí ẹni tó tíì bi í rí, ìyàwó rẹ̀ pàápàá.

"Rárá, Màmá. Ó rẹ̀ wọ́n. Apá kan ni mo rí gé. Wọ́n ní kí n fi ìyókù di ọ̀la." Ó pa kílípà. "Bẹ́ẹ̀ la ṣe sin wọ́n."

"Kí lo fi gé e? Èyí tó ń pariwo yìí?"

"Wọn kì í fẹ́ èyí. Wọ́n ní ó ń kùn sí wọn létí bí agbọ́n. Kílípà ọwọ́ ni, èyí tí a fi ń..." Ó yíjú sí àpótí rẹ̀ ní igun ṣọ́ọ̀bù.

"Ó dà?"

Ìsàlẹ̀ àpótí ló wà, nínú áńkáṣífù. Onígbàjámọ̀ kì í jẹ́ kí kílípà sùn láìfọ̀, ṣùgbọ́n Ṣèyítán ti wé èyí pamọ́ ní alẹ́ ọjọ́ náà pé lọ́la ni òun ó fọ̀ ọ́ bí òun bá parí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kò lè wò ó. Láti ìgbà náà ni kò ti tú u. Ó fi orúnkún kan kúnlẹ̀, ó ṣí àpótí, ó tú áńkáṣífù.

Láàárín eyín kílípà, nínú òróró tó ti dì, irun funfun wẹ́wẹ́ wà níbẹ̀.

Màmá Àríkẹ́ tú gèlè orí rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí itan. "Gbọ̀n ọ́n síbí."

Ṣèyítán gbọ̀n ọ́n. Òróró dì í mú. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré tó fi ń fọ eyín kílípà, ó ń gbá a díẹ̀díẹ̀ títí èyí tó wà níbẹ̀ fi bọ́ sórí gèlè. Kò kún àárín ìka méjì.

Ìyá kò fọwọ́ kàn án. Ó ń wò ó, ẹnu rẹ̀ sì ṣí sílẹ̀ bí ti ọmọdé.

"Inú àpótí yìí ló wà?" ó bèèrè. "Àpótí yìí kan náà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ó yíjú sí ẹnu ọ̀nà. "Abdulhafeez! Ìwọ lo gbé àbúrò mi wálé lórí ọ̀kadà, tí ẹni yìí ń pè ọ́ ní olè. Mo jókòó tì í lórí pèpéle, mo gbọ́wọ́ lé e, mo sì ń bèèrè rẹ̀." Ó mi orí. "Há, Ìbítóyè. O ti dé ulé, o ò sì kí mi."

Ó ká gèlè náà rọra, ó fi àyà gbé e. Ó ní òun ò gun ọ̀kadà mọ́. Ó kọjá láàárín títì láìwé orí, ewú orí rẹ̀ ń tàn nínú oòrùn, Abdulhafeez sì ń ti ọ̀kadà rẹ̀ tẹ̀lé e láìtan ẹ́ńjìnnì rẹ̀.

Ṣèyítán ṣì wà lórí orúnkún, kílípà lọ́wọ́, nígbà tí ẹnì kan yọjú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bọ́ síta lẹ́ẹ̀kan ni, aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, orí rẹ̀ mọ́ ní apá kan, igbó ní apá kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ṣé kí n padà wá lọ́la ni?"

"Rárá," Ṣèyítán ní. Ó dìde, ó nu àga. "Jókòó. Kò ní di ọ̀la."