Bẹ́ẹ̀lì Òkìríkà àti Ìwé Ẹ̀rí Mi

Bí ẹ bá wọ Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, tí ẹ rí ilé tí wáyà iná rẹ̀ kò tíì jó rí láti ìgbà tí wọ́n ti kọ́ ọ, ẹ má wulẹ̀ bèèrè ẹni tó ṣe é. Èmi ni. Mi ò yangàn o, òótọ́ ni mò ń sọ. Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo ti kúrò nílé ìwé, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo sunkún nítorí rẹ̀. Ọwọ́ mi ni mo gbẹ́kẹ̀ lé, ọwọ́ náà ò sì dójú tì mí.

Ní Ọ̀yọ́, mi ò ṣàlàyé ara mi fún ẹnikẹ́ni rí. Bí oníbàárà tuntun bá dé, ohun kan ṣoṣo ló máa bi mí: "Ta ni ọ̀gá rẹ?" Màá dárúkọ ọ̀gá mi, kí Ọlọ́run bá wa tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere, ọ̀rọ̀ bùṣe. Orúkọ yẹn ni ìwé ẹ̀rí mi. Èyí tí ìjọba fún mi, tí wọ́n ń pè ní Tiréèdì Tẹ́ẹ̀sì, inú férémù ló wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù, ó ń gba eruku. "Gíréèdì Tíríì" ni wọ́n kọ sí i gàdàgbà. Àwọn ará àdúgbò tilẹ̀ sọ ọ́ di oríkì fún mi. Bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ké: "Gíréèdì Tíríì! Ẹlòmíì ò ní ẹyọ kan, tìrẹ pé mẹ́ta!" Màá rẹ́rìn-ín, màá juwọ́ sí wọn. Ta ni wọ́n ń kì tó ń sọ pé kí wọ́n dákẹ́?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni ìyàwó mi. Nígbà tí ìyá rẹ̀ darúgbó tí kò lè dá gbé mọ́, a kó lọ bá a. Mo fi ṣọ́ọ̀bù Ọ̀yọ́ sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ mi kan tó kù díẹ̀ kó parí, mo sì ń yọjú sí i lóòrèkóòrè. Mo rò pé iṣẹ́ á máa wọ́ tẹ̀lé mi bí ajá ṣe ń tẹ̀lé olówó rẹ̀. Irọ́ ni. Mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, mo dárúkọ ọ̀gá mi, wọ́n ń wò mí bí ẹni tó dárúkọ abúlé tí wọn ò gbọ́ rí. Èmi tí mò ń ṣe wáyà odindi ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, mo di ẹni tí wọ́n ń pè wá pààrọ̀ gílóòbù, tí wọ́n tún ń bi í bóyá ó lè bá wọn gbé àga kúrò lọ́nà.

Ìyàwó mi ló kọ́kọ́ sọ ọ́. Ó ní, "Bàbá wọn, ẹ ò lè máa dákẹ́ báyìí. Ẹni tó mọ̀ yín ò sí níbí. Ẹ la ẹnu yín, kí ẹ sọ ohun tí ẹ jẹ́ fún wọn lédè tó máa yé wọn."

Òun náà ló gbọ́ nípa ilé Alàájà. Alàájà yìí, ìyá àgbà kan tó ń ta òkìríkà ní Ọjà Igbó, ló ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan sójú títì, ṣọ́ọ̀bù nísàlẹ̀, yàrá lókè. Wọ́n ti rẹ́ ilé náà tán, ó ku iná. Mo lọ wò ó láti òdì kejì títì, ó sì wù mí. Gbogbo ẹni tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù wọ̀nyẹn ló máa rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, wọ́n á sì bèèrè ẹni tó ṣe é. Ilé yẹn ló máa sọ mí di ẹni táwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ mọ̀. Bí mi ò bá rí i gbà, gílóòbù ni màá máa pààrọ̀ títí tí mo fi máa darúgbó.

Mo yọ ìwé mi kúrò lára ògiri Ọ̀yọ́, mo nù ún, mo gbé e há abíyá, ó di Ọjà Igbó. Mo bá Alàájà lórí àpótí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tú bẹ́ẹ̀lì tuntun, ó ń ṣa ẹ̀wù sí òkìtì mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn obìnrin bíi mẹ́ta jókòó tì í.

"Alàájà, ẹ kú ọjà o."

"O kú àbọ̀. Ṣé ìwọ ni oníná tí ìyàwó rẹ̀ ń bá mi sọ̀rọ̀?"

"Èmi ni, mà. Sàtífáìdì ni mí, mo ní Tiréèdì Tẹ́ẹ̀sì..."

"Dúró ńbẹ̀ ná." Ó gbé ọwọ́ sókè. "Àwọn tó ṣáájú rẹ ti fi gẹ̀ẹ́sì da orí mi rú. Ọ̀kan ní èǹjíníà lòun, ọ̀kan ní kọ́ńsọ́táǹtì lòun. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Sọ tìrẹ fún mi bí ìgbà tí o bá ń bá ìyá tó bí ọ sọ̀rọ̀."

Inú mi dùn. Bí ó bá jẹ́ ti Yorùbá sísọ ni, ta ló tó mi í sọ ọ́? Mo jókòó, mo gbé férémù lé itan. Mo ní, "Alàájà, ìjọba ló pe àwa oníṣẹ́ ọwọ́ jọ. Wọ́n fún oníkálukú ní pákó, wáyà, súwíìṣì àti gílóòbù. Wọ́n ní kí a so ó kó tàn. Ẹni tí tirẹ̀ bá jó, kó máa gba ilé lọ. Tèmi tàn, ni wọ́n bá fọwọ́ sí i pé bí mo bá wọ ilé onílé, mi ò ní jó o. Ohun tí ìwé yìí ń sọ nìyẹn. Ẹni tó bá ń pe ara rẹ̀ ní èǹjíníà tí kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu lásán ló fi ń ṣe wáyà."

"Ẹ ò rí nǹkan!" Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà pàtẹ́wọ́. "Ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ rèé."

Alàájà na ìka sí ìwé náà. "Tíríì tí wọ́n kọ síbí yìí ńkọ́?"

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti pa ẹnu mi dé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti ń dùn mọ́ mi lẹ́nu, wọ́n sì ti ń yìn mí. Mo wo bẹ́ẹ̀lì tó wà níwájú rẹ̀, mo ní, "Bí ìgbà tí ẹ bá tú bẹ́ẹ̀lì náà ni, mà. Ìjọba máa ń ṣa àwa náà sọ́nà mẹ́ta: gíréèdì wáànù, gíréèdì tuù, gíréèdì tíríì."

Ọwọ́ Alàájà dúró lórí ẹ̀wù tó mú dání. Ó wo òkìtì kìn-ín-ní, ó wo èkejì, ó wo ẹ̀kẹta, lẹ́yìn náà ó wá wò mí. Ó rọra fa ẹ̀wù kan yọ nínú òkìtì kẹta, èyí tí kọ́là rẹ̀ ti gbó.

"Ṣé bíi tèyí?"

Àwọn obìnrin yẹn bú sẹ́rìn-ín. "Yéè! Ọ̀gá oníná, ṣé abíyá tìrẹ náà ti ya ni?"

"Ẹ bá a gbọn eruku ara rẹ̀ nù!"

"Alàájà, èló lẹ fẹ́ ta eléyìí?"

Mo ní, "Rárá o, Alàájà, ti aṣọ yàtọ̀ sí tèèyàn."

"Mi ò bú ọ o," ló wí, kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ó yé mi ni. Èyí tó wà nínú bẹ́ẹ̀lì ṣáà sàn ju èyí tí kò sí níbẹ̀ rárá lọ. Màá pè ọ́."

Ẹ wá wò ó. Níwọ̀n ìgbà tí ìwé yẹn ò yé ẹnikẹ́ni, ó tóbi lójú gbogbo ayé. Ọjọ́ tí mo jẹ́ kó yé èèyàn kan ló di àkísà. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún oníṣẹ́ ọwọ́ pé kó ṣàlàyé ara rẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún un pẹ̀lú. Wọ́n á sì ní kí ló dé tí mi ò lọ gba wáànù. Ti tíríì, ọwọ́ ni wọ́n ń wò. Bí a bá ti ń gòkè, wọ́n á ní kí èèyàn jókòó, kó kọ ìdí tí iná fi ń tàn sílẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì. Iná tàn, ẹ tún ń wá ìdí!

Alàájà pè mí lórí fóònù lóòótọ́.

"Ọ̀gá oníná, Ọlọ́run á san ọ́ lẹ́san. Ohun tí o kọ́ mi yẹn ni mo fi ń bi gbogbo wọn. Èǹjíníà ò ní nǹkan kan lọ́wọ́. Kọ́ńsọ́táǹtì ò gbé fóònù mi mọ́. Ọmọkùnrin kan ló wá láti Ọ̀yọ́, gíréèdì wáànù ni tiẹ̀, ó gbé ìwé sílẹ̀, mo rí i. Mo ní ta ni ọ̀gá rẹ? Ìwọ ló dárúkọ!"

Mo gbé fóònù kúrò létí, mo wò ó.

"Hẹ́lòó? Ṣé o ń gbọ́ mi?"

"Mò ń gbọ́ yín, mà."

"Ó ní ìwọ lo kọ́ òun láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Mo ní ó tán, ẹni tí ẹni yẹn bá kọ́ ò ní í parọ́. Mo ti gbé iṣẹ́ fún un. Ọmọ tó bá ju ọ̀gá lọ, ọ̀gá ló ni ìyìn. Ò ṣé o!"

Orúkọ mi gba iṣẹ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Kì í ṣe fún èmi.

Mo mọ ọmọ náà dáadáa, ó ti parí ṣáájú ẹni tí mo fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Èmi ni mo ṣe fírídọ́ọ̀mù fún un nígbà tó parí ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó kúnlẹ̀ lórí ẹní níwájú ṣọ́ọ̀bù mi n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́, mo fi pílíásì lé e lọ́wọ́, mo gbé ọwọ́ lé e lórí. Mo ní iṣẹ́ yìí á gbè ọ́. Mo ní iná ò ní gbé ọ. Mo ní wàá ju èmi ọ̀gá rẹ lọ. Gbogbo èèyàn ní àmín. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ọ̀gá ṣe ń wí, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀gá tèmi náà ṣe wí fún mi. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn ń jẹun, tó sọ fún ẹni tó ń kọjá pé kó wá bá òun jẹ. A ò retí pé kó fọwọ́ wá. Ohun tí mo ti ń tọrọ láti ọjọ́ yìí, Ọlọ́run ò tíì dáhùn. Èyí tí mo fi ẹnu lásán sọ ló wá ṣẹ.

Ọmọ náà wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ó gbé ọ̀rá kan kalẹ̀. "Ẹ̀wù rèé, sà. Alàájà ní kí n fún yín. Ó ní fáàsì gíréèdì ni." Ó tún ní, "Ọ̀gá, bí mo bá fẹ́ tan iná ilé yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró tì mí."

Mo ní ọwọ́ mi dí. Gílóòbù kan wà tí mo fẹ́ lọ pààrọ̀.

Nígbà tó yá, ọmọ iṣẹ́ mi tó wà ní Ọ̀yọ́ náà parí, fírídọ́ọ̀mù tiẹ̀ ló sì kàn. Ìyàwó mi yọ ẹ̀wù yẹn síta, ó ní kí n má fi wúrà pamọ́ sínú ọ̀rá. Mo wọ̀ ọ́. Ó bá mi mu bí ẹni pé wọ́n wọ̀n mí kí wọ́n tó rán an. Ìyẹn tún dùn mí.

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ìyá rẹ̀ dúró lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ oníná jókòó yí wa ká. Ẹni tó ń ṣe wáyà ilé Alàájà wà láàárín wọn, òun náà ti di ọ̀gá. Mo fi pílíásì lé ọmọ lọ́wọ́. Mo ní iṣẹ́ yìí á gbè ọ́. "Àmín!" Mo ní iná ò ní gbé ọ. "Àmín!" Mo gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Gbogbo wọn ń wò mí. Àfáà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi wúkọ́. "Ọ̀gá, ó ku ọ̀kan."

"Ó ti pé."

"Kò tíì pé o!" Ìyá ọmọ ló kígbe bẹ́ẹ̀. "Ẹ kò tíì ní yóò jù yín lọ! Ṣé ẹ fẹ́ kí ọmọ mi dúró sójú kan ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n rò pé eré ni mò ń ṣe. Àfáà bá na ọwọ́ tirẹ̀ kọjá níwájú mi, ó gbé e lé ọmọ náà lórí. "Wàá ju ọ̀gá rẹ lọ."

Àmín tí wọ́n ṣe mi kánópì jìgìjìgì. Mo gbọ́ ohùn ọmọ iṣẹ́ mi àtijọ́ nínú rẹ̀, ó ròkè ju ti ẹlòmíì lọ. Tèmi ò jáde. Mo ṣe bí ẹni tó ń tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ tò.