Yondon Tí Kì Í Kọjá Àgọ́ Láìmu Tíì

Ní gbogbo ìsàlẹ̀ òkè Hangai, bí o bá béèrè Yondon, wọn ò ní bi ọ́ pé Yondon èwo. Ohun tí wọ́n á bi ọ́ ni pé, "Ṣé Yondon tó pẹ́ dé ibi ìgbéyàwó ara ẹ̀?" Òun náà ni. Òní ni wọ́n ń retí ọkọ ìyàwó, ọ̀la ló dé, ó ń rẹ́rìn-ín bọ̀, àpò wàrà gbígbẹ tí wọ́n fún un lọ́nà ń jó lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì. Bàbá ìyàwó ti ní kí ọmọ òun tú irun orí rẹ̀, kó padà sídìí ewúrẹ́.

Kì í ṣe pé Yondon lọ́ra o. Bó bá gun ẹṣin, atẹ́gùn ló ń sáré tẹ̀lé e. Àgọ́ ni ìṣòro rẹ̀. Bó bá ti rí èéfín lórí àgọ́ ẹnikẹ́ni, ìjánu á tẹ̀ sọ́hùn-ún fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò lè kọjá ilé èèyàn bí ẹni tó ń kọjá òkúta. Bó bá sì wọlé, tíì oníyọ̀ tí wọ́n fi wàrà sè á dé, ìròyìn á tẹ̀lé tíì, ràkúnmí kan á wà tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí wọ́n á ní kó bá wọn wò. Nígbà kan tí eyín ń dun Handaa ìyàwó rẹ̀, ó ní kó lọ pe dókítà wá. Ó pè é wá lóòótọ́. Kí wọ́n tó dé, eyín ti já, ihò rẹ̀ sì ti jinná.

Ìyẹn ni ẹni tí ọ̀rọ̀ irun Solongo wá bọ́ sí lọ́wọ́.

Solongo ni ọmọ tí Oyuna, ọmọbìnrin Yondon àti Handaa, bí. Ó pé ọdún mẹ́rin, ó sì tó àkókò láti gé irun tí wọ́n bí i mọ́. Àlùfáà ṣí ìwé, ó mú ọjọ́, ó ní ẹni tí ọdún ìbí rẹ̀ bá ti ọmọ náà mu ni kó kọ́kọ́ fi àlùmọ́gàjí kàn án lórí, kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀. Èèyàn méjì péré lọ́dún wọn bá a mu: Yondon, àti Puntsag tó bí bàbá ọmọ. Yondon ni ẹ̀gbọ́n, òun ló ni ipò. Ṣùgbọ́n bó bá pẹ́, Puntsag á gbà á. Puntsag yìí, aago kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá pè é wá jẹun, kí àgùntàn tó kú ló ti dé.

Ilé Puntsag ni wọ́n ti máa gé irun náà, Handaa sì ní láti ṣáájú lọ bá wọn dáná níbẹ̀. Ó ti gun ọkọ̀ akẹ́rù tán kó tó yọrí síta.

"Bàbá Oyuna, ọjọ́ kan ààbọ̀ ni ọ̀nà yìí fún ọmọ aráyé. Mo fún yín ní mẹ́ta."

"Mẹ́ta kẹ̀! Kí ni mo fẹ́ fi mẹ́ta ṣe?"

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ máa fi ṣe. Bí Puntsag bá ṣáájú yín gé irun ọmọ yẹn, títí ẹ ó fi kú lẹ ó máa gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Yondon lára. Ó jókòó, ó ro ó. Ọ̀nà etí odò, àgọ́ mọ́kànlá ló wà níbẹ̀, ikú ni. Ṣùgbọ́n àfonífojì Òkúta Dúdú wà. Ọdún mẹ́ta ni òjò ò ti rọ̀ níbẹ̀. Eku gan-an ti kó lọ. Ó fi ọwọ́ lu itan. "Wọ́n á mọ̀ pé mo gbọ́n." Ó di àpò, ó gba Òkúta Dúdú.

Nígbà tó gun orí òkè dé téńté, tó wo ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ là. Òjò ti rọ̀ síbẹ̀ lóṣù méjì sẹ́yìn. Koríko tutù yọ̀yọ̀. Níbi tí koríko bá sì wà, ta ló kù sẹ́yìn? Àgọ́ funfun mẹ́sàn-án ló hù sójú pápá bí olú. Darandaran ni Yondon láti kékeré, àádọ́ta ọdún ló ti fi ń tẹ̀lé òjò kiri, ó sì wá gbàgbé pé òjò lè rọ̀.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fa ẹṣin gba ẹ̀yìn òkè, ó tẹ̀ kọ́ọ́kọ́ọ́. Bàbá àgbà kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà àgọ́ àkọ́kọ́, kò níṣẹ́ méjì ju kó máa fi awò wo ọ̀nà jíjìn lọ.

"Ta ló ń yọ́ lọ bí ìkookò yẹn? Yondon! Ṣé a ṣẹ̀ ẹ́ ni?"

Kí lèèyàn fẹ́ wí? Ó mu tíì níbẹ̀, abọ́ mẹ́ta.

Ní àgọ́ kejì, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tò ó ni. Ọkọ ti lọ wá ewúrẹ́ tó ṣáko, ìyàwó nìkan ló kù. "Bàbá, ẹ bá mi di òpó yìí mú díẹ̀, mi ò ní pẹ́." Yondon dúró sáàárín, ó fi ọwọ́ méjèèjì di òpó mú, òrùka igi òrùlé wà lókè orí rẹ̀. Ọgọ́ta ọ̀pá ni obìnrin náà ní láti fi ṣe òrùlé, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ń gbé e wá, tó ń sọ ìtàn ìyá ọkọ rẹ̀ bó ṣe ń gbé e. Ṣé èèyàn á ju òrùlé sílẹ̀ kó wó lé obìnrin lórí nítorí pé ó ń kánjú? Ní àgọ́ kẹta, ìyàwó tuntun ló se tíì. Tíì àkọ́sè ni, ó jóná, iyọ̀ pọ̀ níbẹ̀ bí òkun. Yondon mu ún tán, ó ní kó tún bu sí i, kí ojú má ti ọmọ ọlọ́mọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọjọ́ méjì ṣe lọ.

Lọ́jọ́ irun gan-an, oòrùn ti kọjá àtàrí kó tó kan àgọ́ Dulmaa, àgọ́ ìkẹyìn. Láti ibẹ̀, òkè kékeré kan ló kù, ìrìn wákàtí kan, ilé Puntsag nìyẹn. Yondon búra pé òun ò ní sọ̀ kalẹ̀. Ó di ojú kó má baà rí èéfín. Àmọ́ ẹṣin ò di ojú ní tiẹ̀. Ọdún mẹ́wàá lẹṣin náà ti bá a ṣiṣẹ́, ó mọ iṣẹ́ náà. Ó yà, ó lọ dúró nídìí òpó tí wọ́n ń so ẹṣin mọ́.

Dulmaa jáde. Opó ni, ó sanra, ohùn rẹ̀ ń kó ẹran jọ láìlo ajá.

"Wọlé! Mo ti gbé ẹran kaná."

"Dulmaa, mo bẹ̀ ọ́, irun Solongo ni mò ń lọ gé."

"Ta ló ní kí o má gé e? Mu tíì. Ẹnu gbígbẹ kì í súre."

Ó jókòó sétí ẹní bí ẹni tí ẹ̀gún wà nídìí rẹ̀. Kò pẹ́ ni wọ́n gbọ́ alùpùpù tó ń dún bọ̀. Puntsag ni. Kò sọ̀ kalẹ̀, orí ìjókòó ló ti ń lọgun.

"Yondon! Ojú ọ̀nà ni gbogbo ayé ń wò! Bí mo bá gé e láìwá ọ, wọ́n á ní mo jí i gé ni. Ó yá, dìde!"

Ká sòótọ́, ohun tó gbé e wá ni pé ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí i pé àna òun ò lè dé, kó lè padà lọ gé e pẹ̀lú ọkàn tó mọ́. Ṣùgbọ́n Dulmaa ti yọ sẹ́nu ọ̀nà.

"Puntsag! Orí irin lo ti ń sọ̀rọ̀ níwájú àgọ́ mi? Ṣé o wá túfọ̀ fún mi ni?"

"Rárá o, Ìyá. Mo fẹ́—"

"Wọlé."

Ó wọlé. Wọ́n pààrọ̀ ìgò aáṣáà, wọ́n fín in, wọ́n béèrè bóyá ẹran sanra. Ẹran tó wà nínú ìkòkò bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ta ló máa dìde nígbà tí ẹran onílé ń hó, bí ẹni pé ẹran náà ò tó òun jẹ? Puntsag wo aago. Dulmaa bu wàrà ẹṣin kíkan, èyí tó ń pani bí ọtí, fún un, abọ́ tó kún dé ẹnu. Ó mu ún, ó tún wo aago. Nígbà tó mu ìkẹta, aago ti wọ inú apá aṣọ lọ, òun fúnra rẹ̀ ló sì ń sọ pé ràkúnmí òun kan wà tí ẹsẹ̀ ń dùn.

Yondon nìkan ni ojú rẹ̀ wà lára ògiri. Oòrùn tó ń gba ojú òrùlé wọlé ti kúrò lórí àpótí, ó ti gun ògiri, ó ti ń wá ọ̀pá òrùlé.

"Puntsag, oòrùn ń lọ."

"Jẹ́ kí ẹran jinná ná."

Ẹsẹ̀ ẹṣin dún níta. Handaa ló wọlé láìdúró ké pé kí wọ́n di ajá mú bí àlejò ṣe ń ṣe, Solongo wà lápá rẹ̀, irun ọmọ náà bo etí bí ti ọmọ ẹṣin. Handaa wo ọkọ rẹ̀. Ó wá wo Puntsag.

"Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tí a rán kó lọ jí olóorun, òun náà ti ń hanrun."

"Ìyá Oyuna, ẹran ló—"

"Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin aláago. Ogójì èèyàn ló jókòó nílé yín." Ó fa àlùmọ́gàjí tí wọ́n so aṣọ aláró mọ́ yọ láyà. "Bàbá Oyuna, ẹ dìde. Bí ẹ kò bá lè dé ibi irun, irun ti dé ibi tí ẹ wà."

Oòrùn ti di ìlà tín-ín-rín lórí òrùka òrùlé. Yondon gba àlùmọ́gàjí. Solongo wò ó.

"Bàbá àgbà, ṣé ó máa dùn mí?"

"Irun kì í dun èèyàn, ìyá mi."

Ó fi wàrà kàn án níwájú orí, ó gé ìdì kan lápá ọ̀tún. "Kí o gbó, kí o tọ́. Kí irun rẹ funfun, kí eyín rẹ pọ́n. Abo ẹṣin pupa mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, tìrẹ ni." Kò tíì pa ẹnu dé tí ìlà oòrùn náà fi kúrò. Puntsag gé ìkejì, ó ní àlùmọ́gàjí náà kú, kí wọ́n má baà rí i pé omi wà lójú rẹ̀. Dulmaa gé ìkẹta, ó fi àgùntàn kan ta ọmọ lọ́rẹ. Ó wá yíjú sí ìyá àgbà ọmọ.

"Ó yá, Handaa, jókòó. Tíì rẹ rèé."

Handaa ṣí ẹnu láti sọ pé òun ń kánjú. Ó wo abọ́, ó wo ojú Dulmaa, ó jókòó.

Yondon sún fún un lórí ẹní.